Sùúrù Olùwòran, Àwìn Ni

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, mo ka ewì mi kan. Ewì náà gùn díẹ̀, mi ò jiyàn. Bí mo ṣe parí báyìí, ẹnì kan láti ẹ̀yìn (mi ò ní dárúkọ ẹ̀, òun náà mọ ara ẹ̀) ní, "Ewì yìí ń fà jù o, ó dà bí Aníkúlápó alápá mẹ́fà yẹn." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí bí wọ́n bá ń fi èèyàn ṣẹ̀fẹ̀, tó bá fajú ro, ńṣe ló máa ń burú sí i. Àmọ́ nígbà tí mo wọ ọkọ̀ ní Ìyánà-Ìbà, tí mo ń padà sílé ní Ìdímù, ọ̀rọ̀ náà ń jó mi lára bí èsìsì.

Kí ló dé tó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀? Àkọ́kọ́ ni pé òótọ́ wà ńbẹ̀. Ìkejì ni pé èmi gan-an ti fi ẹnu ara mi sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nípa eré náà nílé wa, Màámi sì dá mi lóhùn lọ́nà tí mi ò tíì gbàgbé. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká ṣe iṣẹ́ lámèyítọ́ bó ṣe yẹ kó rí, ká tó máa fi eré eléré ṣe òṣùwọ̀n fún ewì ẹlẹ́wì.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wò ó, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ló darí fíìmù kan tó pè ní Aníkúlápó. Fíìmù náà jáde lórí Netflix ní 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Ṣọlá Dada ló kọ ọ́. Kúnlé Rẹ̀mí ló ṣe Saro, Bímbọ́ Adémóyè ló ṣe Arólákẹ́, Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ló ṣe Awarun. Ayé Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni ibùdó ìtàn náà. Saro, ahunṣọ tó ń wá ọ̀nà àtijẹ, wọ Ọ̀yọ́. Awarun, obìnrin olówó, gbà á sọ́dọ̀, ó sì fẹ́ràn ẹ̀. Saro tún lọ bá Arólákẹ́, olorì tó kéré jù láàfin. Àṣírí tú, wọ́n lu Saro pa. Ẹyẹ àkàlà wá jí i dìde, Arólákẹ́ sì gba àdó agbára lọ́wọ́ ẹyẹ náà. Bí Saro ṣe di ajíkùú nìyẹn. Agbára wá gùn ún. Ó fi Arólákẹ́ tó gbà á là ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Lọ́jọ́ tí ọmọ ọba kú, ó ní àfi kí ọba fún òun ní ọmọbìnrin rẹ̀ kí òun tó jí i. Kò mọ̀ pé Arólákẹ́ ti mú agbára kúrò nínú àdó. Saro pe òkú, òkú ò dáhùn. Ó kú ikú kejì.

Ní 1 oṣù Kẹta ọdún 2024, eré alápá mẹ́fà tó tẹ̀ lé e jáde. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Aníkúlápó: Rise of the Spectre. Nínú èyí, ọ̀run ò gba Saro. Wọ́n dá a padà sáyé pé kó lọ wá àwọn tó ti jí dìde, kó sì dá ẹ̀mí wọn padà síbi tó ti mú wọn wá. Òkú ni Saro, òun náà mọ̀ pé òkú lòun, síbẹ̀ ó ń rìn láàárín alààyè.

Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Àkúdàáyà là ń pè é nílé. Ẹni tó kú tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, tó lọ ń gbé ní ìlú mìíràn, tó ń ṣòwò, tó ń bímọ, tí yóò sì pòórá lọ́jọ́ tí ojúlùmọ̀ bá dé. Òyìnbó ní tiwọn, wọ́n ń pè é ní zombie. Àmọ́ ẹ máà jẹ́ ká gbà pé òyìnbó ló ni ín látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn dúdú Haiti ni wọ́n ti gbọ́ ọ, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà, títí kan Dahomey tó múlé gbè wá. Ní Haiti, zombie ni òkú tí wọ́n jí kó lè máa ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Kò lóhùn, kò láṣẹ. Ẹ wo bí ẹ̀rù yẹn ti rí lójú ẹrú: ikú tó yẹ kó fún èèyàn nísinmi, òun náà di oko olówó. Fíìmù George Romero tó jáde ní 1968 ló wá sọ ọ́ di òkú tó ń jẹ ẹran ara èèyàn, èyí tí gbogbo wa mọ̀ lónìí.

Fẹlá náà lo ọ̀rọ̀ yẹn ní 1976, ó fi bú ṣọ́jà tó jẹ́ pé àfi tí wọ́n bá pàṣẹ fún un kó tó yí ọrùn. Ní 18 oṣù Kejì ọdún 1977, ṣọ́jà ya bo ilé rẹ̀, Kalakuta, wọ́n dáná sun ún, wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ìyá náà kò sì pẹ́ ju ọdún kejì lọ láyé. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé ọkùnrin tó kọ orin zombie yìí kan náà ló yọ Ransome kúrò lórúkọ ara rẹ̀, tó fi Aníkúlápó sí i. Zombie ni ẹni tí ikú kó sápò. Aníkúlápó ni ẹni tó kó ikú sápò. Saro, nínú eré alápá mẹ́fà yìí, ló bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan tó wá di èkejì. Ẹ ò rí i pé ìtàn ńlá nìyẹn?

Ó dáa. Kí wá ló dé tí sùúrù mi fi ń yẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe wò ó. Mo fi fóònù ẹ̀gbọ́n mi so mọ́ tẹlifíṣọ̀n nílé wa. Alẹ́ mẹ́ta la fi wò ó, èmi àti Màámi, apá méjì méjì lálẹ́. Màámi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré níwájú ilé, wọ́n ń ta gàárì, ìrẹsì, ọṣẹ, mílíìkì àti àwọn nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́. Tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á gbé ìwé gbèsè wọn wọlé, wọ́n á máa ṣe ìṣirò bí wọ́n ṣe ń wòran.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, mi ò rí ẹjọ́ rò. Aṣọ wọn, ilé alámọ̀ wọn, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, gbogbo ẹ̀ dùn mọ́ mi. Èmi tí mo ń kọ́ Yorùbá, tí àwọn èèyàn máa ń bi pé "kí lo fẹ́ fi ṣe?", mo rí i tí wọ́n ń fi èdè mi sọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ níbi tí gbogbo àgbáyé ti lè gbọ́ ọ. Orí mi wú. Àmọ́ tó bá di pé wọ́n wọ ààfin, ìjòyè kan á jókòó, èkejì á jókòó, wọ́n á fi ojú bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á sọ òwe, wọ́n á dìde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, a tún padà sí ààfin. Ọ̀tẹ̀ ń lọ, mo gbà. Àmọ́ ọ̀tẹ̀ tí mo ti mọ̀ ní ìpàdé kìíní, kí ni mo tún fẹ́ fi ìpàdé kẹrin ṣe?

Lálẹ́ kejì, wọ́n mú iná lọ, a tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tó bá jẹ́ pé pẹtiróòlù lèèyàn fi ń wòran, ojú tó fi ń wo ìlọ́ra máa ń yàtọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò: ìpàdé ìjòyè yìí ti mu bí ìlàjì lítà. Mo na ọwọ́ sí fóònù, mo fẹ́ fò ó síwájú. Màámi ní, "Kí lò ń wá?" Mo ní, "Màámi, eré yìí ń fà jù. Ẹ jẹ́ ká fo ibí yìí." Mo yíjú sí wọn, wọ́n ti sùn padà. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ìwé gbèsè wà lórí itan wọn, bírò wà lọ́wọ́, wọ́n ti sùn lọ. Mo fò ó.

Mo fò ó débi tí Saro ti dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan lára àwọn tó jí dìde nígbà kan. Mo tún fẹ́ fo ìyẹn náà, torí pé mo ti mọ ohun tó wá ṣe. Ló bá di pé Màámi lajú. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ti ṣe ìpàdé yẹn tán?" Mo ní wọ́n ti ṣe é tán. Wọ́n wo ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n rí ibi tí eré dé, wọ́n sì gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Fi í sílẹ̀ jàre. Kí lò ń lé? Jẹ́ kí ọkùnrin náà jókòó."

Ibí yìí ni mo ní láti sọ ohun kan tí mi ò ní ìpinnu láti sọ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa, àmọ́ láìsọ ọ́, lámèyítọ́ yìí kò ní pé.

Bàámi kú ní 2019. Ní bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, obìnrin kan tó máa ń rajà lọ́dọ̀ Màámi dé láti Ṣakí, ó ní òun rí Bàámi lọ́jà níbẹ̀. Ó ní ó wọ fìlà, ó gbé àpò dání, òun pe orúkọ rẹ̀, ó wẹ̀yìn, ó sì yà sí àárín èrò. Mo wà ńbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Mo fẹ́ lé e jáde. Màámi ò sọ nǹkan kan, wọ́n wọn gàárì rẹ̀ fún un, wọ́n gba owó, wọ́n fún un ní ṣéńjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní àwọn ń lọ ra èlùbọ́ ní Ṣakí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, Ìkọ̀tún ni Màámi ti ń ra èlùbọ́. Wọ́n lo ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n dé pẹ̀lú àpò èlùbọ́ kan lóòótọ́, wọ́n gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n lọ wẹ̀. A jẹ àmàlà náà títí ó fi tán. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n léèrè, wọn ò sì sọ.

Ẹ wá rí ìyàtọ̀ báyìí. Òkú òyìnbó, ẹ̀rù tó ń bani níbẹ̀ ni pé kò mọ̀ ẹ́ mọ́. Ìyá rẹ ni, àmọ́ yóò bù ẹ́ jẹ. Àkúdàáyà tiwa, ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ ni pé ó mọ̀ ẹ́. Ojú pàdé ojú, ó mọ orúkọ ẹ, ó mọ ohun tó jẹ ẹ́, ó mọ bó ṣe fi ẹ́ sílẹ̀. Àkọ́kọ́ yẹn, eré sísá ló ń fẹ́: ẹ sá, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ wá àdá. Èkejì, jíjókòó ló ń fẹ́. Nítorí náà, bí Saro bá dé ilé ẹni tó jí dìde, tí wọ́n ń wo ara wọn tí kò sẹ́ni tó tètè sọ̀rọ̀, ìlọ́ra yẹn kì í ṣe àbùkù eré. Ìlọ́ra yẹn gan-an ni eré. Ẹni tí wọ́n fún lẹ́mìí lẹ́ẹ̀kejì, tó ti fi ṣe nǹkan, tó ti rò pé ti òun ni, ẹni tó fún un ló padà wá gbà á. Ẹ fẹ́ kí ìyẹn yára kọjá ni?

Amos Tutuola mọ èyí. Nínú The Palm-Wine Drinkard tó jáde ní 1952, ọ̀mu náà wá adẹ́mu rẹ̀ tó kú lọ sí ìlú àwọn òkú, ó rìnrìn ọdún pípẹ́ kó tó débẹ̀. Ẹ̀yìn làwọn òkú fi ń rìn ní ìlú yẹn. Nígbà tó sì rí adẹ́mu rẹ̀ tán, kò lè mú un bọ̀ wá sílé. Gbogbo ìrìn yẹn, ẹyin kan ló gbà bọ̀. Ẹni tó bá ka ìwé náà kíá kíá, ẹyin nìkan ni yóò rí.

Àmọ́ ẹ máà tíì pàtẹ́wọ́ fún Kúnlé Afọláyan. Ẹjọ́ mi pẹ̀lú rẹ̀ ni pé ibi tó yẹ kó lọ́ra, kò lọ́ra tó. Ibi tó yẹ kó yára, ńṣe ló jókòó pẹ̀sẹ̀. Ìtàn Saro ló tà fún wa. Òun ló wà lórí orúkọ eré. Síbẹ̀, ìtàn ààfin, ìtàn ìjòyè, ìtàn àwọn ẹ̀dá ìtàn mìíràn tó kó wọlé pọ̀ débi pé a máa ń wá Saro tì. Tó bá wá dé, ó ti ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe, ó ti di ẹni tó ń gba owó orí láti ilé dé ilé. Àwọn tó jí dìde nìyẹn, tí mo fẹ́ mọ̀ dáadáa! Kí ni wọ́n fi ẹ̀mí kejì ṣe? Ta ni wọ́n fẹ́? Báwo ni oúnjẹ ṣe rí lẹ́nu ẹni tó ti kú rí? Ìbéèrè tó lè gbé apá mẹ́fà fúnra rẹ̀ nìyẹn, tí kò sì ní sú èèyàn.

Nígbà tí mo sọ báyìí fún ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì wa, ó ní mo ti di ọmọ òyìnbó, pé bẹ́ẹ̀ ni eré Yorùbá ṣe rí, pé ó máa ń fara balẹ̀. Ó ní ṣebí nígbà ayé Hubert Ògúndé, orin àti ijó ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe fún àwọn èèyàn kí eré gan-an tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń kùn. Òótọ́ ni ti Ògúndé. Àmọ́ orin àti ijó ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ẹ̀bùn ni, ara ń gbádùn ẹ̀, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó parí. Ìkejì, ta ló sọ pé eré Yorùbá kì í yára? Ẹni tó bá ti wo eégún aláré rí mọ̀ pé kí o tó ṣẹ́jú, erè ti di ọ̀nì, ọ̀nì ti di ìyàwó òyìnbó. Onílù wa mọ ìgbà tí wọ́n á fi ìlù rọra ki èèyàn, wọ́n sì mọ ìgbà tí wọ́n á yí i padà lójijì tí oníjó á fi ẹsẹ̀ gbá eruku. Nítorí náà, ẹ má fi àṣà bo àìṣètò. Àṣà wa ní ìrìn méjèèjì. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni mímọ èyí tó kàn.

Kí n má sì ṣe bí ẹni pé tiwa nìkan ló ń fà. Lọ́dún tí mo wọ yunifásítì, ẹnì kan fún mi ní The Walking Dead sínú flash, eré zombie ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010 tó sì parí ní 2022 lẹ́yìn ìpín mọ́kànlá. Ìpín kejì rẹ̀, apá mẹ́tàlá ni. Ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Sophia sọnù sígbó ní apá kìíní, gbogbo wọn sì wà ní oko bàbá kan, wọ́n ń wá a. Lónìí, wọ́n wá a. Lọ́la, wọ́n jà nítorí ẹ̀. Lọ́tùn-únla, wọ́n tún wá a. Mo bú wọn. Mo pa kọ̀ǹpútà mi dé lẹ́ẹ̀mejì pé ó tó. Ìgbà tó di apá keje, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àká tí bàbá náà ti ń kó àwọn òkú tó ń rìn sí, àwọn èèyàn ń yìnbọn, òkú ń ṣubú, gbogbo ẹ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan ṣì ń jáde bọ̀, ó kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́. Sophia ni. Inú àká yẹn ló wà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń wá a, àti ní gbogbo ìgbà tí èmi ń bú wọn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bo ẹnu.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìlọ́ra apá mẹ́fà yẹn? Ó di owó. Gbogbo ìṣẹ́jú tí mo rò pé wọ́n jí lọ́wọ́ mi, wọ́n dá a padà fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ti rí ọmọ náà ní apá kejì, mi ò ní sunkún.

Màámi ló fún mi ní ọ̀rọ̀ tí mo fi ń rò ó. Lálẹ́ kẹta, nígbà tí apá kẹfà parí, mo bi wọ́n léèrè pé, "Màámi, kí ló dé tí ẹ ń sùn tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ní ààfin, tó bá di ti Saro, tó jẹ́ pé òun náà ń lọ́ra, ẹ ò sùn?" Wọ́n rò ó díẹ̀. Wọ́n ṣí ìwé gbèsè wọn, wọ́n fi ìka tọ́ orúkọ kan. Wọ́n ní, "Ẹni yìí jẹ mí láti oṣù méjì, mi ò sì tíì bá a sọ ọ́. Mo mọ̀ pé á san. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ yìí, ọjọ́ mẹ́ta ló dá fún mi, ojú mi ò kúrò lọ́nà. Kì í ṣe bó ṣe pẹ́ tó ni."

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo ti ka ìwé lámèyítọ́ díẹ̀ ní ẹ̀ka wa. Mo ti kọ́ àhunpọ̀ ìtàn, ìfìwàwẹ̀dá, ìfojúsọ́nà. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ yé mi tó báyìí. Sùúrù olùwòran, àwìn ni. Olùdarí eré ń wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ, ó ń gba wákàtí kan àwìn, ó ń gba méjì. Kì í ṣe ẹ̀tọ́ rẹ̀, bó ti wù kí èdè rẹ̀ jinlẹ̀ tó, bó ti wù kí aṣọ rẹ̀ lẹ́wà tó. Kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pé ó gba àwìn, torí kò sí ìtàn gidi kan tí kì í gba àwìn. Ìbéèrè tó wà ńbẹ̀ ni pé: ṣé ó mọ̀ pé òun jẹ gbèsè? Ẹni tó mọ̀ pé òun jẹ gbèsè, ìrìn rẹ̀ á máa fi hàn.

Bí mo bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn iṣẹ́ Kúnlé Afọláyan, ohun tí mo rí nìyí. Fíìmù 2022 san gbèsè rẹ̀ pátá. Ó lé ní wákàtí méjì, àmọ́ gbogbo ohun tó rọra fi hàn wá níbẹ̀rẹ̀, ìkúnlẹ̀ Saro níwájú àwọn tó ṣe é lóore, ìfẹ́ Awarun, ẹ̀gàn tí Arólákẹ́ ń fara dà láàfin, gbogbo ẹ̀ ló padà wá bá Saro nígbẹ̀yìn. Eré 2024 san ìdajì. Ó san ti Saro dé ìwọ̀n kan. Ti ààfin, ó fi ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, bí ẹni tó ní ká padà wá gbowó lọ́jọ́ mìíràn. Oníṣọ́ọ̀bù tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ṣé kí ẹ wá wò ó? Ẹ wò ó. Ẹ wò ó nítorí èdè rẹ̀, nítorí pé ó pọn ọ̀rọ̀ àkúdàáyà lé bó ṣe yẹ, kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀, kò sì kan fi dẹ́rù bani. Ẹ wò ó pẹ̀lú àgbàlagbà kan nílé, kí ẹ sì máa ṣọ́ ìgbà tó bá sùn àti ìgbà tó bá jí. Lámèyítọ́ tó péye nìyẹn, mi ò rí èyí tó jù ú lọ.

Nǹkan kan ṣì kù. Nígbà tí mo pa tẹlifíṣọ̀n, Màámi bi mí pé níbo ni wọ́n ti ya eré náà. Mo ní Igbójàyè ni, lókè lọ́hùn-ún ní Òkè-Ògùn, Kúnlé Afọláyan ló kọ́ abúlé kan síbẹ̀ fún eré. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Mo mọ ọ̀nà yẹn." Wọ́n dìde, wọ́n lọ sùn. Láti 2021 títí di òní, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Màámi ti sọ nípa ìrìn àjò yẹn nìyẹn. Bí mo bá ti fo eré yẹn bí mo ṣe fẹ́, tí a tètè parí rẹ̀ lálẹ́ kan, bóyá mi ò bá má gbọ́ ọ.

Mo ti padà sídìí ewì mi. Mo bi ìlà kọ̀ọ̀kan léèrè pé kí ló gbà lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ìgbà wo ló sì fẹ́ san án. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rí èsì fún mi, mo gé wọn. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ ló lọ. Nítorí náà, ìwọ tó fi mí ṣẹ̀fẹ̀, o ṣeun, òótọ́ lo sọ, mo sì ń bọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀ láti tún un kà. Ó ti kúrú. Àmọ́ ibi tí Màámi ti gbé àpò èlùbọ́ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n dúró díẹ̀ kí wọ́n tó wọlé, mi ò gé e. Bó o bá fẹ́ sùn níbẹ̀, sùn.